Bilqis àti Oúnjẹ Ọmọ Ṣáwá

                                        Ilé Àjànàkú,
                                        Ìsánlú-Ìsin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 2025.

Ìyá Ayọ̀túndé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé. Ṣé ara Bàbá Ayọ̀túndé ti le dáadáa? Orúnkún tìrẹ ńkọ́, ṣé ọyẹ́ yìí kò tíì tún un dá sílẹ̀? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Iṣu ta gan-an lọ́dún yìí.

Caroline, wá ibi jókòó kí o tó ka èyí: Bilqis mi ti di dókítà! Kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti ẹja ni. Ṣé o rántí bí mo ṣe sunkún sí ọ lọ́rùn nígbà tó ní ẹ̀kọ́ òkun lòun fẹ́ kọ́? Mo ní ta ló ń gbin òkun ní Ìsánlú!

Ọdún mẹ́ta ló fi ń bá Bàbá Àbúdùlàhí, apẹja àgbà kan létí òkun Èkó, wọ ọkọ̀. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré ju ti asẹ́ ògì lọ ni Bilqis ń jù sómi. Ó ní bí òkun bá tutù láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi ìsàlẹ̀ a gbé ọ̀rá tó ń mú nǹkan hù wá sókè, ewéko tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí a hù bo ojú omi. Kòkòrò omi a jẹ ewéko, ọmọ ṣáwá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin a jẹ kòkòrò. Bí ewéko bá pẹ́ kó tó hù, ebi a pa ọmọ ẹja kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àbí adìyẹ tó pamọ síbi tí kò sí ikán, kí ni yóò fún wọn jẹ?

Lọ́dún tó kọjá, òtútù òkun pẹ́ kó tó dé. Bilqis yẹ àwọn ọmọ ẹja wò, ikùn wọn ṣófo. Ó sọ fún Bàbá Àbúdùlàhí pé ṣáwá yóò wọ́n tó bá di ọdún yìí. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ oníṣu, ìwọ ni yóò kọ́ mi lókun?"

Oṣù tó kọjá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kí wọ́n tó fún un loyè. Èmi náà lọ. Ọ̀kan nínú wọn takú pé ohun tó sọ nípa ṣáwá, àfẹnusọ lásán ni. Àfi bí Bàbá Àbúdùlàhí tó bá wa wá ṣe dìde lẹ́yìn wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ogójì ọdún ni mo ti ń pẹja. Ọmọ yìí sọ fún mi pé àwọ̀n mi yóò fúyẹ́, mo fi í rẹ́rìn-ín. Àwọ̀n náà fúyẹ́."

Àwọn olùkọ́ tún gbogbo iṣẹ́ Bilqis yẹ̀ wò, kò sí èyí tó yẹ̀. Bí wọ́n ṣe pe ọmọ mi ní Dókítà, mo gbàgbé pé àgbà ni mí, mo fò sókè!

Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ síbi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. "Màámi, ẹ wo ti ọdún yìí." Ọmọ ẹja kan ni, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, ikùn rẹ̀ sì kún bámú. Oúnjẹ tètè dé. Bàbá Àbúdùlàhí náà bẹjú wò ó títí, ó ní òun ń lọ tún àwọ̀n òun ṣe de ṣáwá ọdún tó ń bọ̀.

Bá mi kí Ayọ̀túndé àti Miracle ìyàwó rẹ̀. Bàbá Bilqis ní kí n kí yín kú àdúró tì wá.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ àtọjọ́pẹ́,
Fulera (Ìyá Dókítà)