Páànù Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ọ̀gá Rúlà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí àga, kó má bá ọ lórí ibùsùn. Ní tèmi, ara mi le, oúnjẹ ń wọlé, oorun sì ń kùn mí bó ṣe yẹ. Ìtìjú nìkan ló ń bá mi fínra. Òun gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́ fún ọ, ẹlòmíì á sọ ọ́, á sì fi èyí tí kò ṣẹlẹ̀ kún un.

O mọ̀ mí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ẹ ti ń pè mí ní Ṣọ́ọ̀kì, ṣé ẹnìkan wà tó ń fi ìṣirò yangàn tó mi? Kíláàsì kẹfà ni wọ́n fún mi lọ́dún yìí, ọmọ méjìlélógójì nínú yàrá oníférèsé mẹ́rin, tí méjì nínú rẹ̀ kì í ṣí. Ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà ńlá la wà lórí rẹ̀, fígọ̀ méjì lókè, fígọ̀ méjì nísàlẹ̀. O rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa: fi fígọ̀ ọ̀tún tó wà nísàlẹ̀ sọ gbogbo ti òkè di púpọ̀, kọ ìdáhùn, bọ́ sí ìlà kejì, kọ́kọ́ fi òdo sí apá ọ̀tún, kí o tó fi fígọ̀ òsì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti òkè. Òdo yẹn ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé. Òun ni mo ń pariwo láti àárọ̀ dé ọ̀sán, "Òdo! Òdo dà? Ẹ má gbàgbé òdo!" títí tíṣà kíláàsì karùn-ún fi yọjú lọ́jọ́ kan tó bi mí pé ṣé òdo ni mò ń kiri ni.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí o ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá ń bọ̀. Òun ló dìde lọ́jọ́ kan tó bi mí pé kí ló dé tí òdo fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo ní òfin ni. Ó ní ta ló ṣe òfin náà. Mo ní kó jókòó.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo fún wọn ní ìdánwò oníbéèrè mẹ́wàá. Jẹ́jẹ́ yìí, tó gba méjì péré lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ló gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá o! Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ìdáhùn nìkan ló tò kalẹ̀ bí ẹni to àwo. Mo ní ìwé ta lo jí wò? Ó ní òun ò wo ìwé ẹnikẹ́ni, orí lòun fi ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Mo ní irọ́ ni, èmi tí mo jẹ́ tíṣà rẹ, orí mi ò lè ṣe é. Inú ti bí mi kọjá ààlà, ni mo bá pe ọmọ náà ní olè, lójú gbogbo kíláàsì. Mo fa ìlà pupa gbọọrọ lórí ìwé rẹ̀. Kò sunkún. Ó kó ìwé rẹ̀ sí àpò, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Lọ́jọ́ kejì, a ò rí i. Lọ́jọ́ kẹta, a ò rí i. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá wa, ìyẹn hẹdimíìsì, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lòun máa fi orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ránṣẹ́, ọmọ tí rẹ́jísítà bá sì sọ pé ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní lọ. Ìyẹn ni pé odidi ọdún kan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹnu tèmi yìí ló sì fà á. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ lé e, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ mú un wá." Mo fárígá. Mo ní àgbà bíi tèmi kì í lọ bẹ ọmọdé. Ó ní kò burú, kí n jókòó kí n kọ ìdí tí ọmọ náà fi kúrò, kí n sì fọwọ́ sí i. Mo bá wọ bàtà mi.

Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọmọ náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iyàrá gígùn kan ni ilé búrẹ́dì wọn, èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú, ààrò ńlá wà ní ìparí rẹ̀, tábìlì kan sì nà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò. Obìnrin méjì ń po ìyẹ̀fun, wọ́n ń gbé e lu tábìlì gbà-á, gbà-á. Jẹ́jẹ́ wà nídìí àwọn páànù tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, ó ń fi òróró pa inú wọn. Ó kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ gbé àpótí fún mi kí n fi jókòó. Ọ̀rẹ́ mi, ì bá ṣe pé ó bú mi, ì bá sàn.

Mo sọ fún ìyá àgbà pé ọmọ wọn gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá láì fi iṣẹ́ hàn. Wọ́n ní, "Ìyẹn ló wá di ẹ̀ṣẹ̀?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò lè fi orí lásán ṣe irú ìṣirò yẹn. Ìyá tí kò wọ kíláàsì rí láyé wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní páànù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló jáde nínú ààrò láàárọ̀ yìí, búrẹ́dì róbótó méjìdínláàádọ́ta ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n sọ iye búrẹ́dì tó jáde. Wọ́n bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n ní kí n máa fi ìka kọ ọ́, kí Jẹ́jẹ́ náà ṣe tirẹ̀.

Mi ò tíì kọ 27 tán tí Jẹ́jẹ́ fi ní, "Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún." Ọwọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ kúrò nínú òróró.

Èmi ńkọ́? Ooru ààrò ń bù mí lẹ́yìn, ìyẹ̀fun ti wọ imú mi, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mo kọ mẹ́fà, mo di márùn-ún mú. Mo dé 336. Mo bọ́ sí ìlà kejì, méjì lọ́nà mẹ́jọ, méjì lọ́nà mẹ́rin, mo kọ 96. Mo ro méjèèjì pọ̀. Mo gbé àyà síwájú, mo ní, "Irínwó ó lé méjìlélọ́gbọ̀n!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ta ló wá jẹ ìyókù?"

Yéè! Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo rò pé ààrò á wó. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ sínú ìyẹ̀fun fún àwọn, mo kà á. Wọ́n ní, "Ìlà òkè yìí, páànù méje lo kà níbẹ̀, ó dáa. Ìlà kejì yìí, páànù méjì lo kà. Ṣé páànù méjì ni mo gbé síná ni, àbí ogún? Méje àti méjì, páànù mẹ́sàn-án péré lo kà, Tíṣà. Méjìdínlógún tó kù ńkọ́?"

Ìgbà náà ni mo tó rí i. Òdo! Èmi tí mò ń kiri òdo, èmi ni mo gbàgbé òdo! Kò wá tán síbẹ̀ o. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tó fi ń jókòó síbẹ̀. Méjì tó wà nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe méjì, ogún ni. Òdo ló ń sọ ọ́ di ogún. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì pa pọ̀, mi ò mọ èyí tí mo lè gbé.

Mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi Jẹ́jẹ́ bó ṣe ṣe tirẹ̀. Ó gbé páànù kan wá. Ó ní àádọ́ta ló yẹ kó gbà, àmọ́ igun méjì tó bá kọjú sí iná máa ń jóná, nítorí náà wọn kì í fi nǹkan kan síbẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ ṣe é bíi pé gbogbo páànù kún: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́nà àádọ́ta, ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́jọ. Òun wá yọ àyè òfìfo méjì méjì, mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà ń pè é ní méjìdínláàádọ́ta, Tíṣà. Àádọ́ta tó dín méjì." Láti kékeré ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò fìgbà kan wọ̀ mí létí.

Mo bẹ ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Ṣé èmi lo pè lólè ni?" Mo yíjú sí ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Tíṣà, inú ilé búrẹ́dì kọ́ lẹ ti pè mí ní olè." Ó ní òun fẹ́ padà, pé ọ̀nà ti ìyá àgbà máa ń nira tí nọ́ńbà ò bá sún mọ́ èyí tó kún, irú bíi 64 lọ́nà 53, òun sì fẹ́ mọ tèmi. Àmọ́ òun ò ní wọ kíláàsì bí olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wá lóòótọ́. Ó dúró síta lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú àpò léjìká. Mo dúró níwájú pátákó. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, mo pe Jẹ́jẹ́ ní olè. Kì í ṣe olè. Òun ló ṣe ìṣirò rẹ̀, èmi ni mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ò dáa, mo tọrọ àforíjì." Mo rò pé ó tán.

Ọwọ́ kan nà sókè lẹ́yìn. "Tíṣà, ẹ pe èmi náà ní olórí òkúta." Òótọ́ ni, mo bẹ̀ ẹ́. Òmíràn dìde, ó ní mo sọ pé adìẹ ló ń bá òun kọ̀wé. Òmíràn ní mo sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá òun lòun ti jogún àìronú, bàbá ọ̀hún sì ń kọjá lọ níta nígbà náà, wọ́n gbọ́. Kí n tó mọ̀, gbogbo kíláàsì ti tò sórí ìlà! Ọmọ kan tí mi ò bú rí náà tò, ó ní kí n kọ́kọ́ bú òun ná.

Nígbà tí mo bẹ ẹni kẹtàdínlógún tán, mo wo fèrèsé. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Mo ní ó ti tán, ọmọ náà ti lọ, agogo mọ́kànlá sì ti lù. Mo yíjú padà pẹ̀lú omi lójú, kí n máa sá lọ síta, mo bá rí i nídìí tábìlì mi. Ó ti ṣí rẹ́jísítà, bírò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé òún wá. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní, "Ó ku mẹ́rìnlélógún, Tíṣà. Ẹ máa bá a lọ."

Mo sì bá a lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu wa kó bá wa. Iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí ọmọ ọlọ́mọ, kó jẹ́ kó yẹ wá kalẹ́. Kí ẹ̀yìn rẹ san, kí ilé rẹ tòrò, kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́n jù wá lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ láti ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́,
Ṣọ́ọ̀kì

Àfikún: Mo ronú kan nǹkan bí mo ṣe ń di lẹ́tà yìí. Lọ́dún kejì wa, nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àwòrán yíyà, ìwọ lo sọ lójú gbogbo yàrá pé agbárí òfìfo ni mò ń gbé kiri. Mo ti tò sórí ìlà o. Mò ń retí lẹ́tà rẹ.