Èmi Ni Mo Yí Aṣọ Ọba Orí Ìtàgé Náà Padà

N kò parọ́ kankan, síbẹ̀ bàbá àgbà kan jókòó sílé báyìí láìníṣẹ́ nítorí ohun tí mo sọ. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo lè ṣàlàyé títí ẹ̀bi náà yóò fi dà bíi ti ẹlòmíràn. Ìwé ìròyìn yín máa ń kọjá ibodè wá sọ́dọ̀ wa ní Kútọnu. Àbúrò ìyá mi tó ń ta bàtà ní ọjà Dantokpa kì í jẹ́ kí ẹyọ kan fo òun, òun náà ni yóò sì mú lẹ́tà yìí dání nígbà tó bá ń lọ rajà l'Ékòó. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni mo kọ. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá torí pé Faransé ni wọ́n ń kà níbi iṣẹ́ wa, mo sì ti yí orúkọ gbogbo èèyàn inú rẹ̀ padà. Ẹ má bínú tó bá gùn... n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ Pobẹ̀ ni mí, mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìjọba rán mi lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè, nígbà tí mo sì padà dé, wọ́n fi mí sí ẹgbẹ́ eré ìtàgé kan tó jẹ́ ti ìjọba. Iṣẹ́ mi ni láti ya àwòrán bí orí ìtàgé yóò ṣe rí àti irú aṣọ tí òṣèré kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀, kí n sì rí i pé wọ́n ṣe é bí mo ṣe yà á. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, kò tíì lóye iṣẹ́ náà di òní. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé dípúlọ́mà ni wọ́n fi ń rán ṣòkòtò báyìí. Ìbéèrè rẹ̀ nídìí. Ẹni tó bá wo eré máa ń rántí òṣèré, ó lè rántí ẹni tó kọ eré, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ẹni tó ronú kan ògiri yẹn? Ta ló ń béèrè ẹni tó mú kí aṣọ opó yẹn gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kó lè máa wọ́ nílẹ̀? Tí iṣẹ́ wa bá dára, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ìgbà tó bá bàjẹ́ ni gbogbo ayé ń béèrè ẹni tó ṣe é.

Bàbá Ràímì ló ń rán aṣọ tí mo bá yà. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti wà lẹ́nu aṣọ eré kí ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Ìyípadà yìí tó dé. Kò lè ka Faransé, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tí kò lè kà. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ mi: bí a ṣe ń fi ìkọ́ pamọ́ sábẹ́ ojú ibi tí a ti rán aṣọ pọ̀, kí òṣèré lè bọ́ aṣọ kan kó sì wọ òmíràn kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ka mímí náà. Màmúsẹ́lì Oníwèé ló ń pè mí. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òṣèré wa kan ń sanra sí i lójoojúmọ́, bí Bàbá sì ṣe ń wọn ìbàdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ló ní, "Àbúrò, ikùn rẹ ti ṣe ìyípadà tiẹ̀ tán, kò dúró de ìjọba." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Tí mo bá ya àwòrán aṣọ tán, màá gé ìrépé kékeré lára aṣọ tí mo fẹ́ kí wọ́n fi rán an, màá fi píìnì gún un mọ́ etí ìwé náà. Ìwé náà á lọ síwájú kọ̀mítẹ́ẹ̀ tó ń yẹ eré wò, torí pé láyé Ìyípadà tí a wà yìí, kò sí ohun tó ń gorí ìtàgé tí wọn kò kọ́kọ́ wò. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Ìrépé aṣọ yẹn ni Bàbá Ràímì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀. Tí ohunkóhun bá yí padà, ìwé gbọ́dọ̀ padà lọ gba òǹtẹ̀ mìíràn. Eré tí à ń múra rẹ̀ dá lórí ọba burúkú kan tó ń ta àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, títí àwọn àgbẹ̀ fi dìde sí i. Mo ya agbádá àrán pupa fún ọba náà, pupa tó ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, mo sì fi awọ pupa ṣe oòrùn onítànṣán tí wọ́n máa rán mọ́ èjìká ọ̀tún rẹ̀. Kọ̀mítẹ́ẹ̀ gbà á. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Dantokpa láti ra aṣọ, àrán pupa ti tán. Ìyá tó fún mi ní ìrépé ti ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe òkú ní Godomey. Àrán aláwọ̀ aró ló kù, aró tó mọ́ lójú, tó dára gan-an. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ká fi eré han kọ̀mítẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sì ni wọ́n ń jókòó. Mo dúró síwájú ìyá yẹn, mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ṣé ọba kò lè wọ aró ni? Kí ni aró ṣe fún Ìyípadà? Mo rà á. Nígbà tí mo gbé e fún Bàbá Ràímì, ó wo àwòrán, ó wo aṣọ, ó bi mí pé, "Màmúsẹ́lì, ṣé òǹtẹ̀ ti rí eléyìí?" Mo ní kó máa rán an lọ, pé èmi á tún ìwé ṣe. Ó ní, "Ìwé ni tìrẹ, abẹ́rẹ́ ni tèmi," ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò tún ìwé náà ṣe. Ẹ má rò pé mo gbàgbé, n kò gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni mò ń sún un di ọ̀la, torí mo mọ̀ pé wọ́n lè ní kí a dá eré dúró. Ìlérí ni mo ṣe fún un, kì í ṣe irọ́ ni mo pa. Àbí irọ́ ni? Ìgbà wo gan-an ni ìlérí tí a kò mú ṣẹ ń di irọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé èèyàn kò tíì mọ àwọ̀ aṣọ àfi tó bá gbé e sábẹ́ iná tí wọ́n máa fi ṣeré. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n Fófò Bàsíìlì, ẹ̀gbọ́n wa tó ń darí eré, fẹ́ kí ààfin ọba rí bí ọ̀sán ọyẹ́, oníná sì ta ike aláwọ̀ ìyeyè bo ojú gbogbo àtùpà. Àárọ̀ ọjọ́ tí kọ̀mítẹ́ẹ̀ ń bọ̀ gan-an ni ike náà dé. N kò gbé agbádá síbẹ̀ wò. Lọ́sàn-án, àwọn márùn-ún jókòó níwájú, ọba wọlé... àrán aró mi ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ àsíá wa, àwọ̀ ewé ni látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan lókè lápá òsì. Oòrùn awọ mi, tí kì bá tí hàn púpọ̀ lára àrán pupa, ń tàn yòò ní èjìká ọ̀tún rẹ̀, tó bọ́ sí apá òsì àwa tí à ń wò ó, tí a bá sì wò ó láti ọ̀ọ́kán, ìràwọ̀ ni. Ọba tó ń ta ọmọ ìlú rẹ̀ fi àsíá orílẹ̀-èdè bora jáde. Òṣèré náà kò mọ nǹkan kan, ó ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé òun ló ni wọ́n. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè gbé e mì. Alága kọ̀mítẹ́ẹ̀ na ọwọ́ sókè, wọ́n tan iná gbọ̀ngàn, agbádá sì padà di aró lójú gbogbo wa. Ìyẹn ló bà á jẹ́ jù. Ká ní ó dúró ní àwọ̀ ewé ni, wọn ì bá pè é ní àìmọ̀kan. Bó ṣe yí padà yẹn, wọ́n ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe èmi àti Bàbá Ràímì. Àwòrán mi wà lórí tábìlì pẹ̀lú ìrépé pupa, agbádá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ya àwòrán náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé èmi ni mo gún ìrépé yìí mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé aṣọ ìrépé náà ni wọ́n fi rán agbádá yìí? Rárá. Ṣé ẹni tó ránṣọ mọ̀ pé ìrépé ló yẹ kó tẹ̀ lé? Bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló ra aṣọ. Mò ń dúró de ìbéèrè yẹn, mo gbà pé ká ní wọ́n bi mí, màá jẹ́wọ́... mo gbà bẹ́ẹ̀, n kò ní ẹ̀rí. Wọ́n yíjú sí Bàbá. Alága bi í pé, "Kamarádì Ràímì, ìwọ lo sọ pé ikùn ẹnì kan ti ṣe ìyípadà tiẹ̀ tán?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. N kò mọ ẹni tó lọ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í léèrè aṣọ. Ó wò mí. Kò pẹ́, ó tó ìwọ̀n mímí mẹ́ta. Mo gbójú sílẹ̀. Ó wá ní, "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Aṣọ tí kì í ṣe òun ni mo mú."

Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé ná. Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni kọ̀mítẹ́ẹ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà pé ojú àgbà ló ṣì í, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi Ìyípadà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á fà á lé àwọn agbófinró lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí irú wọn ń padà wálé. Wọ́n fún mi ní ìwé kan kí n buwọ́ lù ú, pé n kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti lo aṣọ mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n sọ fún mi pé orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n máa rán lọ kọ́ṣẹ́ sí i fún ọdún méjì, pé tí mo bá dé, màá di olórí ibi iṣẹ́ tuntun, pẹ̀lú káfíńtà tèmi, ayàwòrán tèmi, aránṣọ tèmi. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí wà láyé nìyẹn.

Mo lọ sí Agblangandan lọ́jọ́ Àìkú láti rí Bàbá. Mo bá a tó ń rán aṣọ káákì ọmọ ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ọmọ mi, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá." Kò mọ nǹkan kan. Bàbá ní aṣọ ọba mẹ́rìnlá lòun ti rán fún ìtàgé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pẹ́ lórí oyè. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, mo bẹ̀rẹ̀ pé, "Bàbá, ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn..." Ó ní kí n na òwú sí òun. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́, kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ: "Ohun tí mo sọ, mo ti sọ ọ́. Má sọ mí di òpùrọ́ lójú àwọn ọmọdé kọ̀mítẹ́ẹ̀ yẹn."

Ibi tí mo há sí nìyí. Tí mo bá lọ jẹ́wọ́, kọ̀mítẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé Bàbá parọ́ fún wọn láti bò mí. Ẹni méjì tó bo ara wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀tẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ó lè jẹ́ pé màá fi ìjẹ́wọ́ mi tì í sínú ohun tó burú ju èyí tó wà lọ. Ìṣirò yìí dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ṣe é, ibì kan náà ló ń parí sí: Bàbá wà nílé, èmi wà nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ṣé kò yẹ kéèyàn fura sí ìṣirò tó ń gbe ẹni tó ń ṣe é nígbà gbogbo? Ṣé torí rẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́, àbí torí mi? Tí mo bá buwọ́ lùwé yẹn, irọ́ gidi nìyẹn, kò ní àlàyé. Tí mo bá kọ̀ láìsọ ìdí, wọ́n á béèrè ìdí. Àgbà sì ti ní kí n dákẹ́... ṣé ìgbọràn ni ìdákẹ́ mi, àbí ó kàn fún mi ní ohun tí mo ti ń wá tẹ́lẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn, mo mọ̀ wọ́n. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe ni kí ẹ sọ fún mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bá irú àwọn èèyàn báyìí jókòó rí. Ìyàwó Bàbá Ràímì wá sí ibi iṣẹ́ wa lánàá. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ kọ̀mítẹ́ẹ̀, torí pé èmi ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀, pé òun á padà wá gbọ́ èsì ṣáájú ìjókòó náà. Mo gbé e dìde, mo ní màá gbìyànjú. Tó bá padà wá, kí ni kí n sọ fún un?