Àga Tó Wà Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Àrámọ̀kọ-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ìyá Kẹ́misọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀, mo sì kí ọmọ tuntun tó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Mo lérò pé òtútù ìlú òyìnbó ti ń dẹwọ́ níbẹ̀, tí eegun rẹ sì ti ń gbọ́ràn. Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ fún mi. Bọ́láwálé, ọmọ Fẹ́yìsetán aládùúgbò wa, ló ń mú ìwé yìí bọ̀, nítorí pé lórí fóònù gbogbo ilé ló ń gbọ́ wa, Kẹ́misọ́lá sì máa ń bá ọ dáhùn.

Kẹ́misọ́lá ní kí n kọ lẹ́tà tí lọ́yà máa lò láti gba ìwé ìgbélùú fún ọ, pé mo fara mọ́ ọn kí o dúró lọ́hùn-ún pátápátá láti máa tọ́jú ọmọ. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èkínní gùn jù. Èkejì ní "níwọ̀n ìgbà tí" mẹ́rin nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta dára púpọ̀, òun ni mo fi dá iná tí mo fi sun iṣu láàárọ̀ yìí.

Ǹjẹ́ o rántí ìrìn àjò wa ní oṣù Kìíní, nígbà tí Ayọ̀olúwa àna wa yá wa ní ọkọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí a lè rí etíkun? Mo ń wakọ̀ ní ọwọ́ òsì bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn kọ̀wé, obìnrin inú fóònù sì ń darí mi. O ní òun nìkan ni orogún tí o lè gbà láyè, torí pé ó mọ ọ̀nà. Abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn nínú òjò wínníwínní, wọ́n dojú àwọn ọkọ̀ apẹja délẹ̀, kò sí ẹni tó kí wa. O ti ìka bọ inú òkun, o ní kí wọ́n rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ omi gbígbóná Ìkógòsì.

Ní ọjọ́ kejì, ebi lé wa wọ ilé ọtí kan. Ìwọ ìyá ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní bí àlùfáà bá gbọ́ ńkọ́. Mo ní ẹja àti ọ̀dùnkún la wá jẹ. Mo sì ṣe ohun tí ọmọ Èkìtì máa ń ṣe bó bá wọlé bá èèyàn: mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti tábìlì àkọ́kọ́ títí dé ìdí iná. Wọ́n wò mí bí agbowó-orí. Ajá kan ṣoṣo ló dáhùn dáadáa. Mo wá jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá arúgbó tó ni ajá náà. Ẹni tó ń ta ọtí wá sọ sí mi létí pé àga ìyàwó bàbá náà ni, obìnrin náà ti kú láti ọdún mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Ife kékeré kan wà níwájú àga náà, ó kún, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá náà ní kò sí wàhálà, kí n jókòó. Mo rí ojú rẹ̀, mo dìde.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní ọkùnrin yẹn ń pe rẹ́jísítà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kúrò ní ilé-ìwé. O ò rẹ́rìn-ín. Òkun lò ń wò. O wá ní, "Bàbá Kẹ́mi, bí wọ́n bá ní kí n dúró ti ọmọ yìí ńkọ́?" Mo dáhùn bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń darí ìpàdé àwọn olùkọ́: "Èmi kò ní àtakò." O ní, "Ó dáa, sà." Ọdún méjìdínlógójì tí a ti fẹ́ra, o kò pè mí ní sà rí.

Láti ìgbà tí mo ti padà, n kò jẹ iyán gidi. Èèyàn kì í gbádùn ìró odó tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mojọlá ti ìjọ wa máa ń gbé oúnjẹ wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Mo máa ń yìn ín jù, kó má baà rí i pé n kò jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Kọ́lápọ̀ wá kí mi, ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọ́gbò, tó ti fi oyè mẹ́ta kún orúkọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì, débi pé káàdì rẹ̀ kò gba orúkọ náà mọ́. Ó fẹ́ jókòó sórí àga rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo ní, "Dìde, Kọ́lá. Àga yẹn ní ẹni tó ni ín." Ó yọjú wo inú ilé, ó ní, "Ṣé ìyàwó ti dé ni?" Ojú tó wá fi wò mí, mo mọ̀ ọ́n. Ojú yẹn náà ni mo fi wo bàbá alájá.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa méjèèjì: òun kò ní àdírẹ́sì tó lè kọ̀wé sí. Èmi ní. Nítorí náà, Adérìnsọ́lá, mo ní àtakò. Mo ti ní in láti oṣù Kìíní, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí ọkàn rẹ bá wà lọ́dọ̀ ọmọ, sọ fún mi, n ó kọ lẹ́tà lọ́yà lẹ́ẹ̀kẹrin, n ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdáhùn mi lò ń tẹ̀ lé, ìdáhùn náà kò tọ́. Máa bọ̀ nílé.

Kí Olúwa tó ṣọ́ wa lọ́nà etíkun yẹn, pẹ̀lú irú ọkọ̀ tí mo wà, máa ṣọ́ ọ. Kí ọmọ ọwọ́ rẹ dàgbà, kó sì mọ ilé yìí. Kí ẹnu ọ̀nà wa má ṣe ṣàjèjì sí ẹsẹ̀ rẹ.

Èmi ni ọkọ rẹ,
Bámidélé

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Mo gbìyànjú, mo gún iyán lánàá. Ó ní kókó. Mo ti bu tìrẹ sí abọ́ kékeré kí n tó rántí. Má sọ fún Kẹ́misọ́lá.