Ìpolówó Ẹ̀gbẹ́ Ìwé Bàbá

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O mọ ìkànnì ayélujára tí Bàbá ti ń kọ̀wé nípa àtúnṣe aago, tí ilé-iṣẹ́ kan ń gbé ìpolówó aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí owó díẹ̀ sì ń wọlé bí ènìyàn bá tẹ ìpolówó náà. Ilé-iṣẹ́ náà ti yọ Bàbá kúrò lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún. Wọ́n ní ará ilé ló ń tẹ̀ ẹ́ jù. Èmi àti ìwọ ni. A rò pé à ń ran Bàbá lọ́wọ́.

Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, "Ọjà tí ọmọ ọlọ́jà nìkan ń rà, ṣé ọjà nìyẹn? Ṣùgbọ́n ó dáa pé ẹ ń ka ohun tí mò ń kọ. Èwo ló dùn mọ́ ọ jù?"

Mo yí ọ̀rọ̀ sí ti òrùlé, torí ìpolówó nìkan la máa ń tẹ̀, a kì í ka ìwé náà. Bàbá wò mí títí, wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà. Wọn kò tàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Jọ̀wọ́, ka èyí tí wọ́n kọ nípa aago ìyá wọn parí, kí o tó pè wọ́n. Èmi ti kà á báyìí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ti pẹ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin