Ẹ̀ka Tí Ẹ Gé Kúrò Lórí Ìtẹ́ Ìbákà

Ìjù-Ọ̀tà,
May 1989.

Bọ̀dá Nùrẹ́nì,

Àsàlámù àlékùn o. Mo kí yín ní Kàdúná, mo kí ìyàwó wa àti ọmọ tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Bàbá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ètò Sáàpù tí ìjọba gbé dé ló fà á. Ẹsẹ̀ Ìyá ti sàn. Lánàá mo fi ohùn Àfáà kí wọn láti ẹ̀yìn fèrèsé, ni wọ́n bá ń sáré wá gèlè kiri. Wọ́n nà mí.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ẹ dà mí. Nígbà tí ẹ wá kí wa, èmi ni mo fi ìtẹ́ ẹyẹ ìbákà orí igi ọsàn wa hàn yín. Ẹ ní ewé ṣíji bo àwọn ọmọ ẹyẹ náà, fọ́tò á dúdú. Mo ní kí ẹ fi okùn fa ẹ̀ka náà sẹ́yìn, kí ẹ tú u tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ ní, "Rúkà, mo ṣèlérí." Mo bá ké bí ìyá wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lanu, ẹ ya fọ́tò.

Mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, ẹ ti wọkọ̀ lọ. Ẹ̀ka wà nílẹ̀, àdá Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì àṣá kó wọn tán. Ìyá wọn ṣì ń gbé oúnjẹ bọ̀.

Bàbá ní, "Ìwọ tó ń fi gbogbo ayé ṣeré, wọ́n fi ọ́ ṣeré lẹ́ẹ̀kan, ò ń sunkún?"

Kí Ọlọ́hun má ṣí ibòòji kúrò lórí ọmọ yín. Ẹ má fi bàtà tí ẹ ní ẹ máa rà fún mi ránṣẹ́ mọ́. Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́. Ohùn mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi lanu.

Àbúrò yín,
Ruqoyah.