Fìlà tí Mo Fi Bo Kámẹ́rà Lójú

Ọmọ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì sinmi. Olúwa tí ojú rẹ̀ kì í lo iná, tí kì í sì í béèrè wáyà, kó máa ṣọ́ yín ní jíjáde àti wíwọlé. Ara mi le dáadáa, orúnkún tí mo fi ṣubú lẹ́yìn ilé lọ́jọ́sí ti san, mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nínú pálọ̀. Ìyá rẹ náà wà, ó ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n má sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni bírò wà.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó o ní kí Oníwáyà wá kọ́ sí àjà pálọ̀ ni. O ní torí ìṣubú mi ni, kó o lè máa rí mi. Inú mi dùn débi pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wẹ̀, mo wọ aṣọ búlúù mi, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo ń retí kó o kí mi. O ò kí mi. Mo wúkọ́ díẹ̀, bóyá o ò tíì rí mi ni, o ò sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ gbé àwo oúnjẹ sókè kó o lè rí i pé à ń jẹun, ó tún gèlè wé kó tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bi ọ́ bóyá ọkọ rẹ ti dé láti ìrìn àjò, kò rí èsì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ọmọ mi, tí èmi tí mo bí ọ jókòó nílẹ̀, tí ìwọ wà lórí àjà tó ò ń wò mí láti òkè láìkí mi. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ nìyí. Ó ní bóyá ó rẹ̀ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹwàá inú bí mi. Mo rán rọ́bà sí ẹnu fìlà mi kan kó má baà já bọ́, mo gun àga (má bínú, ìyá rẹ dì mí mú), mo fi dé abọ́ dúdú tí kámẹ́rà náà wà nínú rẹ̀ lórí. Ó bá a mu rẹ́gí, àfi bí ẹni pé mo ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí lára tí wọn ò bá dá èèyàn lóhùn. Mi ò tíì ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tán tí fóònù fi dún. Ìwọ ni. O ní Bàbá, ṣé àlàáfíà ni, pé gbogbo àwòrán ṣókùnkùn. A sọ̀rọ̀ títí dórí eyín tó ń dùn ọ́, o tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, mo lè fi odidi oṣù kan retí irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Bó o ṣe pa fóònù ni mo ṣí fìlà. O rán Oníwáyà wá, kò rí àléébù kankan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohùn rẹ tún ń wù mí í gbọ́, mo tún dé e ní fìlà, o pè, Oníwáyà tún dé. Nígbà kẹta ló bínú tú abọ́ náà. Ó fi pátákó pẹlẹbẹ kan hàn mí nínú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, wáyà wẹ́wẹ́ kún un bí inú rédíò, awò kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ bíi bọ́tìnnì. Ó ní ìyẹn gan-an ni ojú tó ń ríran, pé aṣọ lásán ni abọ́ dúdú tá à ń wò, kí eruku má baà bò ó, kí olè má sì mọ ibi tó kọjú sí. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ni, wọn ì bá ti kọ́kọ́ bi télọ̀. Ó ní àwòrán náà, àmì kéékèèké bí ẹ̀kán omi ni, ó lé ní mílíọ̀nù méjì, tí wọ́n tò síra wọn. Mo ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn, ta ló jókòó rán an? Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ìmọ́lẹ̀ náà mọ bí wọ́n ṣe ń so ìdí òwú.

Ó wá ti fèrèsé pa, ó fi àwòrán mi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, kámẹ́rà náà máa ń tan iná kan tí ojú tiwa ò lè rí, á sì bọ́ àwọ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan. Aṣọ búlúù mi di eérú, irun mi funfun báláú. Mo ní kó ṣí fèrèsé kíá, torí mi ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Jọ̀ọ́, tó o bá fẹ́ wò mí, ọ̀sán ni kó o máa wò mí.

Ibi tó dùn mí ni pé ó ní ìwọ ò sí níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ló ń wò, òun ló ń kó àwòrán pamọ́, ìwọ ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí àyè bá yọ, àmọ́ tí nǹkan bá bò ó lójú, lójú ẹsẹ̀ ló ń ké sí ọ lórí fóònù. Gbogbo ìbéèrè ìyá rẹ àti aṣọ búlúù mi, pátákó la ń fi hàn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n nínú ilé tèmi, ìgbà tí ojú yìí bá là, kò ní ọ̀rọ̀ kankan, àfi tí mo bá bò ó. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Má bínú sí Oníwáyà mọ́, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó tí mo máa ń béèrè, mò ń béèrè rẹ̀ náà o, mi ò ní díbọ́n pé mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀, kó o mú ìyókù wá fún mi lọ́wọ́. Mo ti ra aṣọ aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ fún ọ, mi ò lè gé e, torí ìwọ̀n rẹ tó wà nínú ìwé mi ti pé ọdún mẹ́ta. Kámẹ́rà rẹ ń rí mi láti ibi tó o wà, àmọ́ téèpù mi ò gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ohun tó o bá fi sílẹ̀ ni wàá padà bá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, fìlà ti wà lórí kámẹ́rà. Fóònù ti ń dún, ìyá rẹ ló máa gbé e, kí àyà rẹ má baà já, á sọ fún ọ pé mo wà láàyè. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gun àga mọ́. Ìwọ lo máa wá ṣí fìlà yẹn, kó o sì kọ́kọ́ kí mi kó o tó nawọ́ sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.