Àwọn Etí Tí Mo Gé Lára Àwòrán Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ kò tún fi omi dù yín mọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń lé ẹlòmíràn, ìjókòó ni wọn yóò fún ọ. Àmín. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, orúnkún ń dùn mí ṣùgbọ́n mo ń fẹsẹ̀ ara mi rìn. Àwọn adìyẹ wà dáadáa, àfi èyí tó ti sọ àpótí maṣíìnì mi di ibi tó ń yé sí, tí mo bá sì fẹ́ mú òwú mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Páálí tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí i, àyà mi já, nítorí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ló ti fọ́ wẹ́wẹ́. Mo sáré lọ bá awakọ̀ ní gáréèjì, mo bú u lójú gbogbo èrò pé eré àsápajúdé rẹ̀ ló sọ ẹrù ọmọ mi di èérún. Ìgbà tí mo padà dé ni tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á, pé ẹni tó rà á ni yóò tò ó pọ̀ di àwòrán kan. Ta ló ń fowó ra nǹkan tó ti fọ́? Mo ṣáà padà lọ bẹ awakọ̀, ó ní kò tọ́pẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì tú ká sí mi. Wọ́n tún kọ ẹ̀jọ sára páálí náà, wọ́n fa àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rò pé àwọn onígbàgbọ́ ló ṣe é, mo kúnlẹ̀ gbàdúrà sí i. Tíṣà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni wọ́n ń wí. Kò burú, àdúrà kì í pọ̀ jù.

O ṣàlàyé lórí fóònù pé ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé èèyàn lọ sójú sánmà, pé ṣe ni ayàwòrán là á láàrin kí á lè rí inú rẹ̀. Ọmọ mi, èmi ò rí ọkọ̀ kankan. Ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo rí lójú páálí, ọkùnrin kan fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí fún. Wọ́n fa ìlà tín-ín-rín síbí sọ́hùn-ún, nọ́ńbà wà nídìí gbogbo wọn, bí ìgbà tí mo bá ń wọn aṣọ oníbàárà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹni tó wọn èyí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdí rárá. Bàbá rẹ bá rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti mú ọwọ́ òsì wọn tó sì dín ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu wọn, ògiri ni wọ́n máa ń kọjú sí láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n ní kí n gbé tábìlì wá. Wọ́n ki awò tí wọ́n fi ń tún aago ṣe sójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Bí ọ̀kan bá ti bọ́ sí ipò, wọ́n á ní ó wọlé, á dùn mọ́ wọn. Nígbà tó yá wọ́n fọwọ́ kan ọkùnrin inú àwòrán, wọ́n ní ìwọ ni, ọmọ àwọn tó lọ jìnnà. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ibẹ̀ ni èmi ìyá rẹ ti ba nǹkan jẹ́. Wọ́n dé ibi tó dúdú, tí gbogbo rẹ̀ jọra, kò wọlé mọ́, ó sú wọn, wọ́n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án. Mo wá mú ọ̀kan, mo wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló ní etí, ó sì tún jẹ sínú lápá kan. Mi ò rí aṣọ tí wọ́n gé báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ. Mo ní ẹni tó gé e kò ní sùúrù, etí wọ̀nyí ni kò jẹ́ kó wọlé fún baálé mi. Mo mú sísọ́ọ̀sì tí mi ò fi gé bébà rí, mo gé gbogbo etí náà kúrò, mo tú èyí tí wọ́n ti tò ká, mo gé tiwọn náà, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń gé e!

Wọ́n jí, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n mú òmíràn, kò di ara wọn mú. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n rí àwọn etí náà lábẹ́ maṣíìnì. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n ní mo ṣeun, wọ́n sì yí àga padà sí ògiri. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ rán etí kan padà, ó ya. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí dé egungun. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mi ò gé, èyí tí ojú ọkùnrin yẹn wà, nítorí mi ò lè ti sísọ́ọ̀sì bọ ojú èèyàn. Òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá rẹ títí di ìsinsìnyí.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó díẹ̀ fún òwú àti epo maṣíìnì, kí n sì fi ra nǹkan tu awakọ̀ lójú. Bá mi ra irú páálí yẹn gan-an. Má fi owó náà gba inú fóònù o, fóònù mi ń kọ ọ́ sójú pé òun ti kún, kò sí àyè mọ́, mi ò fẹ́ kí owó rẹ há sójú ọ̀nà. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú gbogbo rẹ̀ wá.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ojú kò ní tì ọ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ. Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ bi mí léèrè ìgbà tí ọmọ àwọn yóò sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ẹnu mi yá, mo ní Sátidé ni. Wọ́n ti ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn, wọ́n sì ti yí àga sí ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ